Ìdí Igi àti Èso Ọsàn ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Igi ọsàn àgíríìkì tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá dúdú lẹ́bàá títì kì í ṣe igi kan ṣoṣo. Igi méjì ni. Èyí tó wà lókè, tí yóò so èso tí wọ́n fẹ́ mu, ni igi orí. Èyí tó wà nísàlẹ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ wọlẹ̀, ni igi ìdí. Ibi tí méjèèjì ti pàdé máa ń hàn bí oríkèé kékeré lára igi náà, àwọ̀ èèpo òkè a sì máa yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á sábà máa ń béèrè orúkọ orí: ṣé Agége ni, àbí Valencia, àbí Washington Navel? Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń béèrè orúkọ ìdí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdí yìí ló ń sọ bí igi náà yóò ṣe ga tó, ọdún tí yóò kọ́kọ́ so, bí èso rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó, bí omi inú ọsàn yóò ṣe dùn tó, àti irú àìsàn tí yóò pa igi náà tàbí tí yóò fi í sílẹ̀.

Láyé àtijọ́, hóró ni wọ́n ń gbìn. Nínú àwọn oko kòkó àtijọ́ lágbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó, igi ọsàn tó ti ara hóró hù ṣì lè wà láàárín kòkó àti obì: igi gíga ni, ẹ̀gún rẹ̀ gùn, ẹni tó bá fẹ́ ká a yóò gun òkè tàbí kó wá ọ̀pá gbọọrọ. Irú igi bẹ́ẹ̀ lè lo ọdún méje sí mẹ́wàá kó tó so. Kì í ṣe pé èso rẹ̀ burú. Òmíràn dùn ju ti àgíríìkì lọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé orí àti ìdí rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí gbòǹgbò ọsàn mímu bá bá ara rẹ̀ nínú ilẹ̀ tí kò bá a lára mu, kò rọrùn láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, gbòǹgbò ọsàn mímu kò sì lágbára rárá níwájú àìsàn tó ń mú kí ìdí igi jẹrà. Igi tí wọ́n bọ́dì, gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí pé ara igi tó ti dàgbà, tó ti ń so, ni wọ́n ti gé ojú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

Hóró igi ìdí ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Hóró ọsàn kì í fẹ́ gbígbẹ. Bí wọ́n bá sá a sóòrùn bí àgbàdo, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní hù mọ́. Wọn a máa fọ oje kúrò lára rẹ̀, wọn a fẹ́ ẹ lábẹ́ ibòòji, wọn a sì gbìn ín kó tó pẹ́ jù. Láti inú hóró kan ṣoṣo, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta lè yọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní bàbá: ara ìyá nìkan ni wọ́n ti wá, wọ́n sì jọ ìyá náà láìyẹ̀. Ohun tó mú kí oko ńlá lè ní ìdí kan náà jákèjádò nìyẹn. Ọ̀kan tó bá kéré jù láàárín wọn, tàbí tí ewé rẹ̀ kò jọ ti àwọn yòókù, ni ẹni tó mọṣẹ́ ń fà tu sọnù ní nọ́sìrì. Ẹni tó bá ṣàánú irú ọmọ igi bẹ́ẹ̀ ti fi igi tí yóò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ sínú oko ẹlòmíràn.

Nígbà tí ọmọ igi náà bá nípọn tó pẹ́ńsù, wọ́n á fi ọ̀bẹ mímú la èèpo rẹ̀ bí lẹ́tà T. Wọ́n á wá gé ojú kan láti ara ẹ̀ka igi tó ń so dáadáa, pẹ̀lú èèpo fẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á rọra tì í bọ abẹ́ èèpo tí wọ́n là, wọ́n á sì fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ wé e pinpin kí omi má baà wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á tú u wò. Bí ojú náà bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó ti mú. Bí ó bá ti dúdú tó sì gbẹ, kò mú nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ kejì igi ni wọ́n á tún dán wò. Nígbà tó bá ti mú tán, wọ́n á tẹ orí igi ìdí ba tàbí kí wọ́n gé e kúrò, kí agbára gbòǹgbò lè lọ sínú ojú tuntun. Ní ilẹ̀ tí òjò ti ń pọ̀ bí ti Ìjẹ̀bú, ó dára kí ojú náà jìnnà sílẹ̀, kó tó nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sókè. Òjò a máa ta erùpẹ̀ sára igi, inú erùpẹ̀ yẹn sì ni àìsàn ìdí jíjẹrà ń gbé.

Ìdí kì í sọ Agége di Valencia. Orúkọ orí, irú ewé rẹ̀ àti irú èso rẹ̀ dúró bí wọ́n ti wà. Ohun tó ń gba ara ìdí kọjá ni omi àti ajílẹ̀ tó ń gòkè láti inú ilẹ̀, àti oúnjẹ tí ewé sè nínú oòrùn tó ń sọ̀ kalẹ̀ wá bọ́ gbòǹgbò. Gbòǹgbò tó lágbára, tó tàn jìnnà, tó ń fa omi gan-an, yóò mú kí igi yára ga, kí ewé rẹ̀ pọ̀, kí èso rẹ̀ tóbi. Àmọ́ ṣúgà inú èso náà kì í pọ̀ tó bí omi ṣe ń wọlé sí, adùn rẹ̀ á wá fẹ́lẹ́ bí ẹmu tí wọ́n bu omi lù. Gbòǹgbò tó ń fa omi níwọ̀ntúnwọ̀nsì máa ń mú èso tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ wá, ṣùgbọ́n ṣúgà àti ìkan inú rẹ̀ á pọ̀ sí i, èèpo rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni olórí ìṣòro tó wà nínú yíyan ìdí: ohun tó ń mú igi lágbára kì í sábà jẹ́ ohun tó ń mú èso dùn.

Ní Nàìjíríà, ìdí méjì ni orúkọ wọn ń jáde jù. Ọ̀kan ni lẹ́mọ́nì tí èèpo rẹ̀ rí gbágungbàgun, tí wọ́n ń pè ní rọ́ọ̀fù lẹ́mọ́nì. Èkejì ni Cleopatra, tó jẹ́ ìbátan táńjáríìnì. NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ẹ̀fọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975 tó sì wà ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn, ni ìwádìí ọsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan láti Ìjẹ̀bú máa ń rò pé ilé ìwádìí CRIN tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìbàdàn, ni wọ́n yóò bọ́ sí nítorí pé ó súnmọ́ wọn. Kòkó, obì, kọfí, kaṣú àti tíì ni ti CRIN.

Rọ́ọ̀fù lẹ́mọ́nì ni àyànfẹ́ àwọn tó ń ta ọmọ igi, kò sì ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Hóró rẹ̀ pọ̀, ó ń hù dáadáa, ọmọ rẹ̀ ń yára nípọn tó èyí tí wọ́n lè bọ́dì, èèpo rẹ̀ sì rọrùn láti ṣí. Nínú oko, igi tó wà lórí rẹ̀ ń yára dàgbà, ó ń tètè so, ó sì ń so púpọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ jìn nínú yanrìn, kì í tètè rọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fáírọ́ọ̀sì tristeza, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú, kì í pa ọsàn mímu tó wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èso rẹ̀ máa ń ní èèpo tó nípọn, adùn àti ìkan rẹ̀ máa ń kéré, bí wọ́n bá sì fi í pẹ́ lórí igi lẹ́yìn tó ti gbó, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Kò fẹ́ràn kí omi dúró sí i nídìí. Aràn ilẹ̀ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí máa ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀, igi tó wà lórí rẹ̀ kì í sì í sábà pẹ́ láyé tó ti Cleopatra.

Sùúrù ni Cleopatra ń béèrè. Ọmọ rẹ̀ kì í yára nípọn ní nọ́sìrì, nítorí náà owó rẹ̀ máa ń ga ju ti èkejì lọ. Igi tó wà lórí rẹ̀ á máa fà sẹ́yìn lọ́dún àkọ́kọ́ títí dé ọdún karùn-ún tàbí ìkẹfà; àgbẹ̀ tí ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ ti ń mówó wọlé a máa rò pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Lẹ́yìn náà ni igi orí Cleopatra yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lé ti aládùúgbò bá. Èso rẹ̀ máa ń kéré díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn, omi rẹ̀ pọ̀, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì lè dúró pẹ́ lórí igi láìgbẹ. Òun náà kì í kú sọ́wọ́ tristeza, iyọ̀ inú ilẹ̀ kò sì tètè pa á lára. Fún táńjáríìnì, òun ni wọ́n sábà ń yàn, nítorí pé táńjáríìnì orí rọ́ọ̀fù lẹ́mọ́nì máa ń wú, èèpo rẹ̀ á fò kúrò lára rẹ̀, adùn rẹ̀ á sì pòórá.

Ọjà ló ń sọ èyí tó lérè jù nínú méjèèjì, ọjà kì í sì í wọn adùn. Ní Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, àti lọ́wọ́ àwọn tó ń ti bárò kiri, bí ọsàn bá ṣe tóbi tó ni owó rẹ̀ ṣe ń ga tó. Ẹni tó ń tà á ń fi abẹ tàbí ọ̀bẹ fẹ́lẹ́ bó o, ó ń tò ó jọ, oníbàárà á fi ojú yan èyí tó rí gbọ̀ngbọ̀n jù lókè. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo ṣúgà inú rẹ̀ kí wọ́n tó dá iye lé e. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilé iṣẹ́ olómi ọsàn ti ń ra èyí tó pọ̀ jù, ìwọ̀n ṣúgà àti àwọn èròjà yòókù inú omi ọsàn ni wọ́n ń sanwó lé lórí, ìdí tó ń sọ omi ọsàn di fẹ́lẹ́ sì lè jẹ àgbẹ̀ ní gbèsè níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé títóbi ni ọjà Ìjẹ̀bú ń sanwó fún, rọ́ọ̀fù lẹ́mọ́nì kò ní ṣàìwà lókè. Kì í ṣe pé àwọn àgbẹ̀ kò mọ ohun tó dára.

Ìdí kẹta kan wà tó yẹ kó gbajúmọ̀ ju àwọn méjèèjì yìí lọ, tí kì í bá ṣe ti fáírọ́ọ̀sì kan. Ọsàn ganyinganyin ni, èyí tó kan tó sì korò. Láàárín 1830 sí 1845, àìsàn ìdí jíjẹrà run oko ọsàn ní erékùṣù Azores, ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà létí òkun Mẹditaréníà. Ọsàn ganyinganyin ló yọ wọ́n: gbòǹgbò rẹ̀ lè fara da ilẹ̀ tútù, èso orí rẹ̀ sì dára púpọ̀. Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń lò ó títí di nǹkan bí 1930 sí 1940, nígbà tí igi orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́pọ̀ mílíọ̀nù ní Ajẹntínà àti Brazil. Ewé á pọ́n, á wọ́ sílẹ̀, igi á gbẹ lórí ìdúró. Ní 1946 ni wọ́n fi hàn ní Brazil pé kòkòrò dúdú kéékèèké tó ń fa omi ara ọ̀mùnú ewé ló ń gbé àìsàn náà káàkiri. Fáírọ́ọ̀sì náà ni wọ́n ń pè ní tristeza. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pa iṣan tó ń gbé oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ibi tí orí ti pàdé ìdí gan-an. Ebi á wá pa gbòǹgbò kú nígbà tí ewé ṣì ń ṣiṣẹ́ lókè. Nítorí èyí ni ọsàn ganyinganyin tó dá dúró nínú ọgbà ẹnìkan fi lè wà ní àlàáfíà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ọsàn mímu tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irú rẹ̀ yóò sì kú.

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Gold Coast, tó di Gánà lónìí, àwọn oko ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fún fún títà sí òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ní 1949 ni àwọn onímọ̀ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé fáírọ́ọ̀sì tí kòkòrò ń gbé kiri ló wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó wá hàn pé tristeza náà ni. Ọsàn wẹ́wẹ́ ń gba àìsàn náà sára fúnra rẹ̀, kò sí ìdí tó lè gbà á là pátápátá. Ṣùgbọ́n fún ọsàn mímu, yíyan ìdí nìkan ti tó. Kòkòrò àti fáírọ́ọ̀sì náà ti wà lágbègbè yìí, nítorí náà ẹni tó bá lẹ ọsàn mímu mọ́ ganyinganyin ní Ìjẹ̀bú, bó ti wù kí ilẹ̀ rẹ̀ tutù tó, ń fi owó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Àìsàn ìdí jíjẹrà ni èkejì tó yẹ kí wọ́n rò mọ́ ọn. Ohun abẹ̀mí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Phytophthora ló ń fà á, ọmọ ìyá èyí tó ń sọ pódi kòkó di dúdú nígbà òjò, àwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó sì mọ ìyẹn dunjú. Lára ọsàn, èèpo igi nítòsí ilẹ̀ ló ń mú. Oje tó lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde, èèpo á rọ̀, á gbẹ, á là. Bí ó bá ti yí igi ká, igi náà ti parí. Rọ́ọ̀fù lẹ́mọ́nì àti ọsàn mímu kì í lè kọ̀ ọ́. Cleopatra sàn díẹ̀ jù wọ́n lọ, kò sì tó ganyinganyin. Ìwà àgbẹ̀ náà ní ipa níbẹ̀: bí wọ́n bá gbin igi jìn jù tí ojú tí wọ́n bọ́dì fi wọnú ilẹ̀, tàbí tí wọ́n kó ajílẹ̀ àti koríko jọ mọ́ ara igi, kò sí ìdí tó lè gbèjà.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò rí bákan náà. Láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, àti lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ pupa oníyanrìn tó jìn ló wà níbẹ̀, omi òjò ń tètè wọlẹ̀ lọ. Rọ́ọ̀fù lẹ́mọ́nì wà nílé ara rẹ̀ nínú irú ilẹ̀ yìí, kò sì sí ohun tó burú nínú kí wọ́n gbìn ín síbẹ̀ fún ọsàn mímu. Lápá àríwá, láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ìjẹ̀bú-Igbó, orí àpáta ni ilẹ̀ wà. Òkúta wẹ́wẹ́ àti amọ̀ máa ń wà nísàlẹ̀, nígbà òjò omi lè dúró lórí wọn fún ọjọ́ púpọ̀. Ibẹ̀ ni Cleopatra ti yẹ, lórí ibi tó ga díẹ̀ nínú oko náà. Lápá etí omi, ní Ìbíàdé àti Abígi, àbàtà kò ní gba ọsàn kankan. Ìdí kò lè ṣe iṣẹ́ gọ́tà. Òjò tó ń rọ̀ lágbègbè yìí lọ́dún tó nǹkan bí 1,500 mìlímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kì í ṣe ọ̀gbẹlẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ máa ba àgbẹ̀ lẹ́rù.

Ìdí náà ló ń sọ bí igi yóò ṣe jìnnà síra. Igi orí rọ́ọ̀fù lẹ́mọ́nì ń tàn gbalaja, mítà méje sí méje ló bá a mu, ìyẹn igi 204 lórí hẹ́kítà kan. Àwọn mìíràn ń há a mọ́ mítà mẹ́fà sí mẹ́fà kó lè wọ 277. Láàárín ọdún mélòó kan, ẹ̀ka á wọnú ẹ̀ka, èso ìsàlẹ̀ á dín kù, àfòmọ́ á sì máa ráyè tàn láti igi kan sí èkejì.

Níta Nàìjíríà, ní àwọn ilẹ̀ tó máa ń tutù, ọsàn elewé mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní trifoliate, àti àwọn tí wọ́n bí láti ara rẹ̀, ló gbalẹ̀. Onímọ̀ ewéko Walter Swingle pò ó mọ́ gérépù ní Florida ní 1907. Èyí tó ti ibẹ̀ jáde ni ìdí Swingle, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi síta fún àgbẹ̀ ní 1974. Florida nílò rẹ̀ nígbà náà, nítorí pé àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní blight ti ń pa igi tó wà lórí rọ́ọ̀fù lẹ́mọ́nì nínú yanrìn wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Brazil jọ ọ́: lẹ́yìn tristeza, ìdí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rangpur ni wọ́n gbára lé, àìsàn tuntun mìíràn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa igi orí rẹ̀ lójijì ní nǹkan bí ọdún 2000. Oko tí ìdí rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ń dúró de àìsàn ọ̀kan ṣoṣo. Ní 2020, àwọn onímọ̀ kéde pé kòkòrò Diaphorina citri, tó ń gbé àìsàn greening káàkiri ní Éṣíà àti Amẹ́ríkà, ti wọ Nàìjíríà, kò sì tíì sí ìdí tó lè kọ àìsàn yẹn pátápátá.

Gbogbo orí kọ́ ló sì ń bá gbogbo ìdí gbé. Ní Brazil, ọsàn Pera kì í bá rọ́ọ̀fù lẹ́mọ́nì ṣe: ìlà dúdú á hàn ní ibi tí wọ́n ti pàdé bí wọ́n bá ṣí èèpo, igi á sì máa rẹ̀yìn. Lẹ́mọ́nì Eureka náà kì í bá trifoliate gbé.

Ìṣòro tó ń da àwọn onílé láàmú jù rọrùn láti yanjú. Ọsàn tó ti ń so dáadáa fún ọdún púpọ̀ á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í so èso gbágungbàgun tó kan, wọ́n á ní igi náà ti yí padà, àwọn kan á tilẹ̀ ní ayé ló ṣe é. Igi kankan kò yí padà. Ẹ̀ka ló hù láti ara ìdí, ní ìsàlẹ̀ oríkèé, kò sí ẹni tó gé e, ó sì lágbára ju orí lọ títí orí fi kú sábẹ́ òjìji rẹ̀. Ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ máa ń ga tààrà, ẹ̀gún rẹ̀ máa ń pọ̀, ewé rẹ̀ a sì máa run bíi lẹ́mọ́nì bí wọ́n bá fi ọwọ́ ra á. Kó ṣì wà ní rírọ̀ ló yẹ kí wọ́n fi ọwọ́ ya á kúrò láti ìdí. Bí wọ́n bá fi àdá gé e lókè, méjì tàbí mẹ́ta ni yóò hù padà.

Igi àgbà tí ìdí rẹ̀ ti ń bàjẹ́ ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ ṣì dára ṣì lè gba ìdí tuntun. Wọ́n á gbin ọmọ Cleopatra méjì tàbí mẹ́ta yí i ká, súnmọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà bá ti nípọn tó ìka, wọ́n á gé orí rẹ̀ ní gígé ẹ̀gbẹ́, wọ́n á la èèpo igi àgbà lókè ibi tí orí ti pàdé ìdí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi ìṣó kékeré kàn án mọ́ ọn, wọ́n á sì fi ìda tàbí ọ̀rá bò ó. Bí ó bá mú, ọmọ náà á máa nípọn lọ́dọọdún, omi á máa gba ara rẹ̀ gòkè, títí tí ìdí àtijọ́ fi lè jẹrà tán láìjẹ́ pé igi náà ṣubú.